Ta Ló Wà Nínú Yàrá Nígbà Tí Bàbá Fọwọ́ Sí Ìwé Ìhágún?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, tí wọ́n sin ín tán, nígbà mìíràn ìwé ìhágún kan yóò yọjú tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Oṣù méjì ṣáájú ikú ni wọ́n kọ ọ́, nígbà tí bàbá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ilé tó fi òógùn ojú rà ti di ti ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ yòókù tọ lọ́yà tó kọ ìwé náà lọ, ó ní àṣírí oníbàárà òun ni, òun kò lè sọ nǹkan kan. Ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí? Rárá o. Ìtàn bí wọ́n ṣe la ẹnu lọ́yà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Mọ̀dínà, nítorí irú ẹjọ́ yìí ti dé iwájú Ànábì wa rí.

Ọkùnrin kan láti ìdílé Banū Sahm bá Tamīm ad-Dārī àti ‘Adiyy ọmọ Baddā’ rin ìrìn-àjò. Nàsárà ni àwọn méjèèjì nígbà náà. Ẹ̀yìn èyí ni Tamīm gba Ìsìláàmù. Ọkùnrin náà kú sí ilẹ̀ tí kò sí Mùsùlùmí kankan. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wálé fún àwọn ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ife fàdákà kan tí wọ́n fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kò sí níbẹ̀. Àwọn onítumọ̀ Kùránì kan fi kún un pé nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé ikú dé, ó kọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan, ó sì tọ́jú rẹ̀ sáàárín ẹrù. Ìwé yẹn ni àwọn ẹbí rí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Ànábì ní kí àwọn méjèèjì búra, wọ́n sì búra. Kò pẹ́ tí wọ́n rí ife náà ní Mọ́kà, àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn sì sọ pé ọwọ́ Tamīm àti ‘Adiyy ni àwọn ti rà á. Méjì nínú ẹbí òkú wá dìde, wọ́n búra pé ẹ̀rí tiwọn ló tọ̀nà jù, àti pé ènìyàn àwọn ló ni ife náà. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni áyà 106 sí 108 nínú Sūratul-Mā’idah fi sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé kò sí ẹni tó bá àwọn ẹbí náà wí nítorí pé wọ́n béèrè. Láàárín tiwa, ẹni tó bá béèrè bí wọ́n ṣe kọ ìwé ìhágún la máa ń pè ní olójúkòkòrò.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rí sí ìwé ìhágún tẹ́lẹ̀. Òfin 1857 gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, láti oṣù kìíní ọdún 1858 ló sì ti wà lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba. Títí di òní, ìwé ìhágún tí ilé ẹjọ́ bá ti fún ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní próbéètì, ẹnikẹ́ni lè sanwó gba ẹ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ó rí nínú ẹ̀dà yẹn? Òfin 1837 béèrè ìfọwọ́sí olóhun-ìní àti ti ẹlẹ́rìí méjì. Ìfọwọ́sí mẹ́ta lẹ ó rí. Ẹ kò ní rí ẹni tó fi ọkọ̀ gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, tàbí ẹni tó ń bá a dáhùn ìbéèrè. Inú fáìlì lọ́yà ni ìyẹn wà.

Òfin àṣírí ni wọ́n fi ti fáìlì náà pa. Lójú òfin wọn, àṣírí oníbàárà kì í bá oníbàárà kú. Ọwọ́ àwọn alámòójútó ogún ló ń bọ́ sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń fura sí gan-an lè jẹ́ alámòójútó! Ní 1851, nínú ẹjọ́ Russell àti Jackson, adájọ́ sọ pé bí àwọn tó ń jà bá jọ ń sọ pé ọ̀dọ̀ òkú kan náà ni ẹ̀tọ́ àwọn ti wá, àṣírí náà kì í ṣe ti apá kan láti fi dí apá kejì lọ́nà. Ní 1959, Law Society, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ibẹ̀, gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn pé bí àríyànjiyàn gidi bá wà lórí ìwé ìhágún, kí lọ́yà tó kọ ọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹni tí ẹjọ́ náà bá kàn, ìbáà ṣe òun ló ń gbèjà ìwé náà tàbí òun kọ́. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1979, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìmọ̀ràn yìí lẹ́yìn nínú ẹjọ́ Larke àti Nugus. Láti ìgbà náà, alámòójútó tó bá pa ẹnu mọ́ lè jàre lórí ìwé ìhágún, kí ó sì tún fara gbá owó ẹjọ́ tí dídákẹ́ rẹ̀ fà. Orúkọ ẹjọ́ yìí ni àwọn lọ́yà fi ń pe lẹ́tà tí wọ́n fi ń béèrè: lẹ́tà Larke v Nugus.

Lẹ́tà náà kì í ṣe ìjà. Ó ń béèrè ìgbà tí lọ́yà ti mọ olóògbé, ẹni tó mú un wá, ẹni tó sọ ohun tí wọn yóò kọ, ọjọ́ tó sọ ọ́ àti bó ṣe sọ ọ́. Ṣé wọ́n ka ìwé náà sí i létí? Ta ló wà nínú yàrá? Ṣé àmì ìgbàgbé tàbí àìsàn hàn lára rẹ̀? Bí ó bá yí ìwé àtijọ́ padà, kí ló ní ó fà á? Ó sì ń béèrè ẹ̀dà ohun tí lọ́yà kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìgbàgbé díẹ̀ ti tó láti fi ba ìwé jẹ́. Ní 1870, wọ́n gba ìwé ìhágún John Banks wọlé, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà gbà pé ẹnì kan tó ti kú ń lé òun kiri. Adájọ́ ní ìrònú òdì yẹn kò kan bó ṣe pín ohun ìní rẹ̀.

Bí wọn kò bá tíì gba próbéètì, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè fi ìwé caveat dá a dúró fún oṣù mẹ́fà, ó sì lè sọ ọ́ dọ̀tun. Bí lọ́yà bá kọ̀ jálẹ̀, òfin 1981 fún ilé ẹjọ́ lágbára láti pe ẹni tó bá mọ̀ nípa ìwé náà wá dáhùn ìbéèrè. Ẹ má fi oṣù gbogbo ṣe ìpàdé ẹbí kí ẹ tó wá lọ́yà tiyín.

Fáìlì yẹn tún lè dá bàbá láre. Mùsùlùmí tó bá kú lọ́hùn-ún láìní ìwé ìhágún, bí òfin ìjọba ṣe là á sílẹ̀ ni wọ́n ń pín ogún rẹ̀, kì í ṣe bí Kùránì ṣe pín in. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ àsọọ́lẹ̀ wọn lọ́dọ̀ lọ́yà, kí ìpín ogún lè bá tẹ̀sìn mu. Ọmọ tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn lè sọ lọ́la pé àwọn ará mọ́sáláṣí ló fi agbára mú bàbá. Bí lọ́yà bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá dá wá, pé ó ṣàlàyé ìpín kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tó bá ń lọ ṣe tiyín, ẹ sọ ìdí ohun tí ẹ ṣe fún lọ́yà, kí ó kọ ọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ọmọ tó wà yín lọ sì dúró síta.