Ọdún Bẹẹrẹ àti Páànù Orí Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ òrùlé ni mo gbé wá lónìí.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ ṣì lágbára lórí apá kan ilẹ̀ Ìgbómìnà, ọdún kan wà tí wọ́n ń pè ní Bẹẹrẹ. Bẹẹrẹ ni koríko tí wọ́n fi ń bo ilé. Lọ́dọọdún, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ á ru ú wá fún Aláàfin, kí wọ́n lè fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ọdún yìí náà ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tí ọba ti lò lórí oyè. Ẹ ò rí nǹkan? Àtúnṣe òrùlé ló di kàlẹ́ńdà!

Rélùwéè Èkó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì wá rọrùn láti kó ẹrù wúwo bíi páànù wọ agbègbè wa. A rò pé wàhálà tán. Kò tán. Ní Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn á mú páànù gbóná, á fẹ̀. Lóru á tutù, á súnkì. Díẹ̀díẹ̀, ìṣó á tú, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ á là. Òjò àkọ́rọ̀ ló máa sọ fún wa, lórí bẹ́ẹ̀dì.

Lójú tèmi, kì í ṣe koríko la pàdánù, ọjọ́ àtúnṣe ni. Ẹ fi ìránnilétí sórí fóònù yín ní oṣù kejì ọdọọdún: kí káfíńtà gun òkè, kó pààrọ̀ ìṣó tó ti dógùn-ún, kó fi ọ̀dà dí ihò. Bẹẹrẹ tiyín nìyẹn.

Ó dìgbà kan ná.