Àwọn Ọwọ́ Tó Gbé Ẹrù Èkó: Ìtàn Awakíréènì Láti Ojú Òkun Dé Àpápá

Kí ọdún 1914 tó dé, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ Èkó. Yanrìn ló dènà. Níbi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun, òkìtì yanrìn kan wà tó máa ń ṣípò padà láti ìgbà dé ìgbà, omi orí rẹ̀ kò sì jìn. Ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá lóṣù tó lọ, ó lè fàyà sọlẹ̀ níbẹ̀ lóṣù yìí. Nítorí náà, ẹrù tó bá ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó a kọ́kọ́ yà sí Forcados, wọn a kó o sínú ọkọ̀ kékeré níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e padà wá sí Èkó.

Èrò inú ọkọ̀ náà pín nínú wàhálà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lójú agbami, inú àpótí onígi tí àwọn atukọ̀ ń pè ní "mammy chair" ni yóò jókòó sí. Wọn a so ó mọ́ òpó agbẹ́rù tó wà lórí ọkọ̀, wọn a gbé e kọjá etí ọkọ̀, wọn a sì rọra sọ ọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì ń bì sókè sódò. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń wé okùn ni ẹ̀mí èrò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ka ìgbì, kó mọ ìgbà tí ọkọ̀ kékeré ń lọ sílẹ̀, kó tó tú okùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òpó agbẹ́rù àti ọkọ̀ ojú omi létíkun wa nígbà náà jẹ́ ọmọ Kru láti Làìbéríà. Bí a bá ń wá baba-ńlá àwọn awakíréènì etíkun yìí, àwọn nìyẹn.

Ìjọba amúnisìn pinnu láti ṣí ẹnu ọ̀nà náà. Rélùwéè ń kó òkúta wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n ń dà á sínú òkun láti fi mọ ògiri tí yóò dá ìgbì dúró, ọkọ̀ agbẹ́yanrìn sì ń gbẹ́ ojú ọ̀nà. Ní 1914, ọkọ̀ tó ń jẹ́ Akoko gba ẹnu ọ̀sà wọlé. Iṣẹ́ kíkọ́ èbúté bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá ní 1921, nígbà tó sì di 1926, àyè mẹ́rin ti wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ òkun lè fẹ̀gbẹ́ tì. Márùn-ún mìíràn kún un ní 1956, ọdún kan lẹ́yìn tí Àjọ Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀pà láti Kánò àti kòkó láti Ìbàdàn wá ń bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ.

Kí Àpápá tó di èbúté, Èbúté Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ra epo pupa ilẹ̀ wa jù lọ láyé ọjọ́un, ti ní kíréènì etí omi tipẹ́. Ìtàn bó ṣe ní i dùn gbọ́. Ní 1846, William Armstrong gbé kíréènì kan kalẹ̀ ní Newcastle tó ń fi agbára omi inú páìpù gbé ẹrù. John Thorburn ni wọ́n fi sídìí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dá tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ ní "Hydraulic Jack". Jesse Hartley, ẹnjiníà àgbà àwọn èbúté Liverpool, kò fẹ́ gba ẹ̀rọ náà gbọ́, ló bá lọ fojú ara rẹ̀ wò ó. Ohun tí Thorburn fi kíréènì ṣe níwájú rẹ̀ yí i lọ́kàn padà. Ní 1848, ẹ̀rọ agbẹ́rù alágbára omi ti ń ṣiṣẹ́ ní Albert Dock. Armstrong ló ṣe ẹ̀rọ o, ṣùgbọ́n awakíréènì ló tà á.

Kí ló wà nínú iṣẹ́ náà gan-an? Ẹni tó wà lókè kì í sábà rí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀. Ẹni tó dúró létí ihò, tó ń fọwọ́ júwe fún un, ni ojú rẹ̀. Bí ìka bá nà sókè tó ń yí po, kó gbé e. Bó bá dojú kọ ilẹ̀, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni awakíréènì ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tó bá kan ọ̀rọ̀ "dúró". Ìyẹn, ẹnikẹ́ni ló lè júwe rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọṣẹ́ tó dé lánàá, dandan sì ni kó dúró.

Ìṣirò tún ń bẹ níbẹ̀. Bí apá kíréènì bá ṣe nà jìnnà tó ni ìwúwo tó lè gbé ṣe ń dín kù. Ẹrù tó gbé wọ́ọ́rọ́wọ́ nítòsí lè dojú ẹ̀rọ bolẹ̀ bó bá nà án jìnnà.

Ọ̀nà iṣẹ́ yìí yí padà ní Amẹ́ríkà. Ní 26 Oṣù Kẹrin 1956, ọkọ̀ Ideal X ti Malcom McLean gbé kọ̀nténà 58 láti Newark lọ sí Houston. Ní Oṣù Kìíní 1959, kíréènì àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún kọ̀nténà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alameda, California. Ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ló fi ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gáǹgì alábàárù tó ń já àpò kọ̀ọ̀kan kò lè bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sáré.

Èkó ò tíì dé ibẹ̀ nígbà tí wàhálà 1975 dé. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti ra nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ni èbúté lè gbà lọ́dún. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun, owó ìdádúró sì ń gorí ara. Sìmẹ́ńtì inú àpò kò ṣeé gbé bíi kọ̀nténà: ènìyàn ní láti kó àpò jọ nínú ikùn ọkọ̀, kí kíréènì tó gbé e, kí àwọn mìíràn tó tú u nílẹ̀. Òmíràn dì gbagidi sínú ọkọ̀ kó tó kàn án. Èbúté Tin Can Island tí wọ́n ṣí ní 1977 jẹ́ ara ìdáhùn sí ìdààmú náà.

Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ibùdó kọ̀nténà Àpápá fún ilé-iṣẹ́ APM Terminals ní 2006, kíréènì ńlá onítáyà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ níbẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté Lẹ́kkí. Nídìí kíréènì etí omi ńlá, awakíréènì sábà máa ń jókòó sókè réré, tó ń wo kọ̀nténà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní Rotterdam, ní Netherlands, láti 2015, ibùdó kan ti wà tí ẹnikẹ́ni kì í gun kíréènì etí omi rẹ̀ láti wà á. Inú ọ́fíìsì, níwájú kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń ṣe é.

Newcastle pa orúkọ Thorburn mọ́. Ó yẹ kí Èkó náà pa orúkọ àwọn awakíréènì tirẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà nídìí kíréènì ní Àpápá nígbà sìmẹ́ńtì ti darúgbó báyìí. Ìwọ tí bàbá rẹ tàbí bàbá àgbà rẹ bá wà lára wọn, jókòó tì wọ́n, gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ sórí fóònù, kí o sì ya àwòrán káàdì iṣẹ́ àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Kí Àjọ Èbúté Nàìjíríà náà jọ̀wọ́ ṣí ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ ayé ìgbà náà sílẹ̀ fún àwọn òpìtàn.