Eré Ọmọdé àti Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàfò

Kí òyìnbó tó gbé síléètì dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí, tí Ìbàfò wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lápá Èkó, eré ni àwọn baba wa fi ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀: bí òṣùpá bá ti yọ, tí wọ́n sì ti jẹun alẹ́ tán, àgbà a pa àlọ́, ọmọ a já a, èyí tí kò mọ̀ ọ́n a tẹ́tí títí wọn ó fi túmọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹyẹ, ewé àti ohun èlò ilé ṣe ń wọ̀ ọ́ lára láìsí ariwo.

Ọ̀nà mìíràn ni ti ilé-ìwé, tí àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Crowther gbé wọ Abẹ́òkúta ní 1846, tí irú rẹ̀ sì tàn dé oko. Olùkọ́ a pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ a pè é tẹ̀lé e, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá yọ̀ a gba tirẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-ìwé kan tún sọ Yorùbá di èèwọ̀ nínú ọgbà, tí ọmọ tí ó bá fi èdè ìyá rẹ̀ tọrọ omi fi ń san owó ìtanràn. Èmi kò rí ọgbọ́n inú èyí.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ọlọ́jà ń rọ́ wọ kíláàsì, èrò pọ̀ lábẹ́ igi ìsinmi, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ fúnra wọn ti ń fi eré kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú eré wọn ni “Name, Animal, Place, Thing”, tí ọmọ Ìbàfò kò tíì fi sílẹ̀ di òní. Wọn a fa ìlà sí ojú ìwé, wọn a na ìka sílẹ̀, wọn a fi A, B, C ka ìka náà. Lẹ́tà tí ó bá bọ́ sí ìka ìkẹyìn ni gbogbo wọn yóò fi wá orúkọ ènìyàn, ẹranko, ìlú àti nǹkan. Bí ó bá jẹ́ G: Gbénga, goat, Ghana, garri. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ parí a kígbe “Stop!”, gègé gbogbo a sì dúró. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ṣoṣo rí gba máàkì 10, èyí tí ẹni méjì kọ gba 5-5. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó gbọ́n fi ń fi “goat” sílẹ̀ fún ọ̀lẹ, tí ó ń wá “giraffe” tí kò fojú rí láti ọjọ́ tí a ti bí i.

Láti ìgbà tí a ti ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni èrò Èkó ti ń ya wọ Ìbàfò, ilé-ìwé aládàáni sì pọ̀ síbẹ̀ bí eṣú. Àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn ń ra káàdì alàwòrán àti Scrabble, wọ́n sì ń pè é ní ọgbọ́n tuntun. Tuntun kọ́, ṣùgbọ́n ó dára. Ní 2015, ní ìlú Perth ní Australia, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, na Lewis Mackay ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 4-0 nínú àṣekágbá Scrabble àgbáyé, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ náà. Ẹ̀yin olùkọ́ Ìbàfò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ nígbà ìsinmi, kí ẹ sì na ìka tiyín náà.