Ohun Tó Ń Dán Lórí Kúkíìsì

Lónìí, ìtàn nǹkan dídán tí wọ́n ń wọ́n sórí kúkíìsì àti kéèkì ni mo gbé wá.

Ní 1820, ní London, Friedrich Accum kọ ìwé kan tó tú àṣírí àwọn tó ń fi májèlé pa súìtì ọmọdé láró. Òjé wà nínú èyí tó pupa, bàbà wà nínú èyí tó ní àwọ̀ ewé. Síbẹ̀, ó di 1860 kí wọ́n tó ṣòfin gbogbogbò lórí àbùlà oúnjẹ níbẹ̀.

Ẹ má pè é lọ́rọ̀ àtijọ́ o. Ní 2018, ní Rhode Island l'Amẹ́ríkà, ọmọ mẹ́fà jẹ kéèkì ọjọ́ìbí, ni àìsàn bá dé. Páúdà dídán tí wọ́n fi kun kéèkì yẹn, bàbà lílọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀!

Tí wọ́n bá kọ "non-toxic" sára ike, ìyẹn ò ní kó ṣeé jẹ. "Edible" ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ sì ka ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọmọdé ò mọ̀ ju pé ó ń dán lọ. Àwa tá à ń ṣe é tà ló yẹ ká mọ ohun tó wà níbẹ̀.