Ta Ló Ń Ròyìn Iṣẹ́? Ẹgbẹ́ Alárinà, Owó Òkè Òkun àti Ìlú Àjàṣẹ́ láti Ọdún 1861

1. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé

Láti Sákété dé Kétu, láti Pọ́bẹ̀ dé Ṣábẹ̀ẹ́, ènìyàn kì í rìn jìnnà kí ó tó rí pátákó lẹ́bàá ọ̀nà tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ kan sí. Ẹgbẹ́ kan gbẹ́ kànga, òmíràn kọ́ yàrá ìkàwé, òmíràn ra ẹ̀rọ ìlọgbàdo fún àwọn obìnrin. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ìlú òkèèrè kan wà ní ìsàlẹ̀ pátákó náà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò tóbi. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ń dáwó ní òkè òkun, àwọn ènìyàn díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín, alárinà kan tó gbọ́ èdè àwọn méjèèjì sì wà láàárín wọn.

Bí a bá fẹ́ díwọ̀n irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, iye owó tó wọlé àti iye kànga tí a gbẹ́ ni a sábà máa ń béèrè. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Ohun méjì ni ẹgbẹ́ alárinà ń gbé: ó ń gbé owó bọ̀, ó sì ń gbé ìròyìn lọ. Owó kì í dédé wá. Ìròyìn ló ń pè é. Nítorí náà, ẹni tí ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní agbára lórí iṣẹ́ náà, àní bí kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kan ọkọ́ rí. A ó fi ìtàn ìlú Àjàṣẹ́, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí. Èrò wa ni pé agbára ìròyìn kò kúrò lọ́wọ́ alárinà àfi níbi tí iṣẹ́ náà bá ti lè bọ́ ara rẹ̀.

2. Sántíìmù 5 lọ́sẹ̀

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ ní Lyon, ìlú àwọn ahunṣọ sílíìkì ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1822 ni àwọn onígbàgbọ́ Kátólíìkì dá Ẹgbẹ́ Ìtànkálẹ̀ Ìgbàgbọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan, Pauline Jaricot, ló ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìdáwó tí ẹgbẹ́ náà gbà lò. Ètò náà rọrùn. Olúkúlùkù yóò máa dá sántíìmù 5 lọ́sẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sou kan. Ènìyàn mẹ́wàá ló wà lábẹ́ olùgbowó kan. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá mẹ́wàá para pọ̀ di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún para pọ̀ di ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń dá èésú tàbí àjọ nílẹ̀ wa yóò rí i pé ètò náà kò jìnnà sí tiwa. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé, nínú àjọ, owó ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó dá a, ojú gbogbo àwọn tó dá a sì tó o. Nínú ètò ti Lyon, owó lọ kò padà. Kí ni olùdáwó wá rí gbà? Ìwé ni.

Ẹgbẹ́ náà ń tẹ ìwé ìròyìn tí a kó lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì jọ sínú rẹ̀, ẹ̀dà kan a sì máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwọn ẹlẹ́ni mẹ́wàá. Lẹ́tà ni èrè owó wọn. Ní ọdún 1843, Forbin-Janson, bíṣọ́ọ̀bù Nancy, dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ Faransé. Àwọn náà ń dá sou kan lóṣù fún àwọn ọmọ tí wọn kò mọ̀ rí ní ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá rí bí àwọn ẹgbẹ́ kan lónìí ṣe ń fi àwòrán ọmọ kan ránṣẹ́ sí olùrànlọ́wọ́ kan, pẹ̀lú lẹ́tà lọ́dọọdún, kò rí ohun titun. Ọgbọ́n àtijọ́ ni.

3. Lẹ́tà tó jáde láti etí ọ̀sà

Ní Lyon yìí kan náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1856, Melchior de Marion Brésillac dá Ẹgbẹ́ Míṣọ́n ti Áfíríkà sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ó dé Freetown ní ilẹ̀ Sàró ní oṣù Karùn-ún ọdún 1859, ó sì kú ní oṣù Kẹfà. Augustin Planque, tó gba ipò rẹ̀, ló rán Francesco Borghero wá sí Wídà, níbi tó gúnlẹ̀ sí ní oṣù Kẹrin ọdún 1861. Ní ọdún 1863, ọba Sodji ti Àjàṣẹ́ bá àwọn ará Faransé ṣe àdéhùn ààbò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, míṣọ́n dá ibùdó sílẹ̀ ní ìlú náà.

Borghero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà púpọ̀. Ó yẹ kí a ro ipò tí wọ́n wà. Ibà ń pa wọ́n, owó kò tó, àwọn tó sì lè fi owó ránṣẹ́ kò mọ̀ bóyá Àjàṣẹ́ wà láyé. Bí lẹ́tà bá sọ pé ọjà ìlú kún, pé àwọn oníṣòwò epo ń jèrè, pé àwọn ìyá ń tọ́ ọmọ wọn dáadáa, ta ni yóò mú sántíìmù 5 jáde? Nítorí náà, ikú, ẹbọ, oko ẹrú àti òkùnkùn ni lẹ́tà ń tẹnu mọ́. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ẹrú wà lóòótọ́, ikú sì wà. Ohun tí a ń sọ ni pé lẹ́tà tí a kọ láti fi tọrọ owó a máa yan ohun tí yóò rí.

Kí ni ojú rẹ̀ fò? Àwọn Àgùdà, tí wọ́n ti Brazil padà dé, ti wà létí òkun kí Borghero tó dé. Àwọn kan nínú wọn ti ṣe ìrìbọmi, wọ́n mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n sì ń kọ́ ilé tó ṣì wà títí di òní. Àwọn Mùsùlùmí náà wà, wọ́n ní ilé kéwú àti ẹgbẹ́ tiwọn. Nígbà tó yá, láàárín ọdún 1912 sí 1935, àwọn Mùsùlùmí ìlú náà, Yorùbá àti Àgùdà, kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá kan ní Àjàṣẹ́ tí iwájú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil. Ìlú tó lè dáwọ́ lé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlú tó jókòó sínú òkùnkùn tó ń retí olùgbàlà.

Àlùfáà kan wà nínú wọn tó fẹ́ kí ohùn àwa fúnra wa jáde. Pierre Bouche kó òwe àwọn Nàgó jọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Paris ní ọdún 1883 nínú ìwé tí àkọlé rẹ̀ ń sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ya àwòrán ara wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ṣe wá ní àǹfààní. Síbẹ̀, Bouche ló yan òwe, òun ló túmọ̀ wọn, àwọn ará Paris ló sì kà wọ́n. Àwọn tó ni òwe kò rí ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa òpìtàn gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Àjàṣẹ́ láàárín ọdún 1861 sí 1890 wá láti inú lẹ́tà wọ̀nyí, èyí tí a kó pamọ́ sí Róòmù àti Lyon. Bí a bá kà wọ́n láìrántí pé ìwé ìtọrọ owó ni wọ́n, ìlú wa ni a ó fi ojú olùdáwó wò.

4. Hẹ́kítà kan lábẹ́ ìjọba Kérékou

Ẹ jẹ́ kí a fo ọgọ́rùn-ún ọdún kọjá. Ní ọdún 1974, ìjọba Mathieu Kérékou kéde pé ìlànà Marx àti Lenin ni òun yóò máa tẹ̀ lé; ní ọdún 1975, orúkọ Dàhómì di Bẹ̀nẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, àyè kò sì gba ẹgbẹ́ aládàáni púpọ̀. Lábẹ́ ìjọba yìí gan-an, ní ọdún 1985, ni àlùfáà Kátólíìkì kan rí hẹ́kítà ilẹ̀ kan gbà lọ́wọ́ ìjọba ní Àjàṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ará ẹgbẹ́ Dòmíníkì, tó ti kàwé tó sì ti ṣe olùkọ́ ní Califonia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwòrán ìyàn ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gbé kiri ló lé e padà wálé. Ó kíyè sí i pé àwòrán ebi nìkan ni ayé ń rí, ó sì gbà pé iṣẹ́ ni a fi ń dá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọ́n ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ibùdó náà ní Songhaï, orúkọ ilẹ̀ ọba ńlá tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Gao, tí àwọn ọmọ ogun Mòrókò ṣẹ́gun ní ọdún 1591. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìròyìn: ó ń sọ fún ọ̀dọ́ pé a ti ní ohun kan rí.

Ọgbọ́n ibùdó náà ni pé kò sí ohun ìdànù. Ìgbẹ́ ẹran àti koríko ojú omi ń di gáàsì ìdáná. Ìyókù rẹ̀ ń di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì. Ìfun adìẹ àti èérún oúnjẹ ń pe eṣinṣin. Eṣinṣin ń yé sí i. Ìdin rẹ̀ ń di oúnjẹ ẹja àti ẹyẹ. Omi adágún ẹja, tó lọ́ràá, ń padà sí oko. Irin àlòkù ń di ẹ̀rọ nínú ilé alágbẹ̀dẹ ibùdó náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún omi èso, tí wọ́n ń lọ ìrẹsì, tí wọ́n sì ń tà á. Hẹ́kítà kan ti di ju 20 lọ, àwọn ibùdó mìíràn sì ti dìde ní Savalou, Parakou àti Kinwédji.

Ṣé Songhaï kò gba owó àlejò ni? Ó gbà á. Ó ní ọ̀rẹ́ àti alátìlẹ́yìn ní òkè òkun, àwọn àjọ ńlá náà sì ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fún Nzamujo ní ẹ̀bùn ìdarí ti Áfíríkà fún ìjà pẹ̀lú ebi ní ọdún 1993, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sì ka ibùdó náà sí àwòkọ́ṣe fún ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2008. Àmọ́ ohun tó ń tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń gbà. Ẹni tó ní ọjà láti tà lè sọ fún olùrànlọ́wọ́ pé, “Ẹ wá wo iṣẹ́,” dípò kí ó máa sọ pé, “Ẹ wá wo ìyà.” Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ẹni tí ebi ń pa kì í sì í rí ẹnu kọ.

5. Ọdún 1990 àti ọdún 1994

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló dán èrò yìí wò. Lákọ̀ọ́kọ́, ní oṣù Kejì ọdún 1990, àpérò gbogbogbò ti orílẹ̀-èdè pàdé ní Cotonou, ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sì dópin. Báńkì ti wó, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ti dáwọ́ dúró, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde kò sì ríṣẹ́. Bí òfin ṣe ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ni ẹgbẹ́ aládàáni hù bí olú lẹ́yìn òjò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dára, òmíràn sì jẹ́ ọ̀nà àtijẹ fún ẹni tó mọ ìwé kọ. Ìròyìn tún padà di ọjà: ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní èdè Faransé tó dán ló ń rí owó, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ẹni tó mọ oko.

Ìkejì ni ti oṣù Kìíní ọdún 1994, nígbà tí a dín iye owó séfà kù. Faransì kan, tó jẹ́ séfà 50 tẹ́lẹ̀, di séfà 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Fún ẹgbẹ́ tó ń gba owó láti ilẹ̀ Faransé, ó dà bí ẹni pé owó náà di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀, oògùn ẹran, epo ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ ohun òkèèrè pàdánù ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jèrè. Iṣẹ́ tó ń lo ìdin, ìgbẹ́ ẹran àti irin àlòkù ló wà ní ipò tó dára jù láti rọ́jú nínú ọ̀wọ́n náà. Kì í ṣe owó tó pọ̀ ló pín wọn níyà, bí kò ṣe ibi tí gbòǹgbò iṣẹ́ kálukú wà.

6. Ìparí

A kò kọ ìwé yìí láti bú olùdáwó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó yọ owó lára owó oúnjẹ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ṣe ohun rere, ìbáà jẹ́ ahunṣọ Lyon ní ọdún 1822 tàbí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lónìí. A kò sì sọ pé Songhaï ti yanjú gbogbo ọ̀ràn. Ọ̀dọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ tán níbẹ̀ ṣì ní láti rí ilẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, ẹ̀kọ́ kò sì lè rọ́pò ilẹ̀.

Ohun tí ìtàn Àjàṣẹ́ kọ́ wa ni pé ìròyìn jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà. Láti ayé Borghero, ọ̀nà kan ni ìròyìn ń gbà: ó ń kúrò nílùú, kò sì í padà. Ìyá tí a ya àwòrán rẹ̀ lẹ́bàá kànga kò mọ ohun tí a kọ sábẹ́ àwòrán náà. Nítorí náà, àbá méjì ni a mú wá. Kí ẹgbẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ láàárín wa máa ka ìròyìn rẹ̀ sétí ìlú ní Yorùbá tàbí ní Gùn kí ó tó fi ránṣẹ́. Kí àwa tó wà ní yunifásítì sì máa kó ìròyìn wọ̀nyí pamọ́ nílé, pẹ̀lú ohun tí ìlú sọ nípa wọn. Bí a kò bá ṣe é, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Àjàṣẹ́ ti àkókò wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún òní yóò tún ní láti wọkọ̀ lọ sí Lyon.