Ẹ̀wà Tí Wọ́n Fi Ń Mú Àjẹ́

Ká ní ìyá àgbà kan ti ń gbé Festac láti ìgbà tí àjọ̀dún àṣà ọdún 1977 ti parí. Ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ àdúgbò náà bí ẹni mowó. Lọ́jọ́ kan, ó jáde lọ ra ata, kò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́. Mile 2 ni wọ́n ti rí i, tó ń bi àwọn èrò ọkọ̀ léèrè ibi tí ọkọ òun wà, bẹ́ẹ̀ ọkọ náà ti kú tipẹ́. Àwọn kan á ṣàánú rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní àjẹ́ ni, pé òde òru ló ti ń bọ̀ tí ilẹ̀ fi mọ́ bá a.

Ìtàn ẹ̀wà kan wà tó yẹ kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ní Calabar àtijọ́, àwọn Efik ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń fún jẹ. Bó bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá kú, wọ́n á ní àjẹ́ ni lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ló bá a lọ. Mary Slessor, ajíhìnrere tó dé Calabar ní 1876, wà lára àwọn tó gbógun ti àṣà náà.

Ẹ̀wà yìí dé Edinburgh, ní Scotland. Ní 1855, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Christison jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Orí ló kó o yọ: omi tó fi fá irùngbọ̀n ló gbé mu kó lè bì. Ní 1864, Jobst àti Hesse, ará Jámánì, yọ èròjà olóró inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní physostigmine.

Báwo ló ṣe ń pani? Èròjà kan tó ń jẹ́ acetylcholine wà lára ohun tí àwọn iṣan ọpọlọ fi ń ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ti jẹ́ iṣẹ́ náà tán, èròjà mìíràn á pa á rẹ́. Esere kì í jẹ́ kí ìparẹ́ yìí wáyé. Acetylcholine á wá pọ̀ jù, èémí á sì dúró.

Ní 1906, Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí àrùn ìgbàgbé pa. Ní 1976, Davies àti Maloney rí i pé ohun tó ń pèsè acetylcholine ti dín kù gan-an lọ́pọlọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù lára ẹni tó jẹ esere ló wọ́n lọ́pọlọ wọn!

Eku ni àwọn olùwádìí sábà máa ń fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n á kọ́ ọ bí yóò ṣe wá pèpéle tó fara sin sábẹ́ omi. Bí wọ́n bá fún un ní scopolamine, èròjà tó wà nínú gegemu, yóò gbàgbé. Physostigmine wà lára ohun tó ń dá ìyè rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í pẹ́ lára, ó sì ń mú èébì wá. Wọ́n tún un ṣe títí ó fi di rivastigmine, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2000. Kì í wo àrùn náà sàn, ṣùgbọ́n ó ń mú un rọrùn díẹ̀ fún àwọn kan.

Èkó náà kò gbẹ́yìn. Ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Èkó àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Íńdíà tẹ ìwádìí jáde lórí egbòogi wa kan, Cnestis ferruginea: ó ran àwọn eku tí wọ́n fún ní scopolamine lọ́wọ́ láti rántí.

Ẹ má ṣe sọ pé àrùn òyìnbó ni. Láti 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀súntókun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn àgbà Ìdíkàn wò n'Ìbàdàn. Àrùn náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju ti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà lọ.

Àwọn baba wa ní ìsọyè, n kò sì fojú tín-ín-rín ewé. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn, esere sì ti fi hàn wá pé ìwọ̀n ló ya oògùn sọ́tọ̀ sí májèlé. Ohun tí a kò wọ̀n, tí a kò dán wò, kò yẹ kó kan ẹnu ìyá wa.

Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń pa ẹni tí wọ́n pè ní àjẹ́ ló bí oògùn tí dókítà ń fún arúgbó lónìí. Bí a bá rí ìyá náà ní Mile 2, ẹ jẹ́ ká dì í lọ́wọ́ mú lọ sílé, ká sì gbé e lọ sí ọsibítù.