Pẹ́dà Tó Gbọ́ Yorùbá: Ìtàn Ohùn Híhá, láti Ara Ṣaworo dé Gbági

Bàbá kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Òde ìsọmọlórúkọ kan ní Bẹẹrẹ ni, ní Ìbàdàn. A ti ṣeré tán, a ń ká wáyà, nígbà tí bàbá náà rìn sún mọ́ wa. Ó kí wa kú iṣẹ́, ó fún onílù wa lówó, ó wá yíjú sí ẹni tó ń ta gìtá wa. Ó ní: "Ọmọ mi, o ṣeun o. Ìlù ń sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n gìtá yìí, kí ló ń wí gan-an? Ariwo rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọra. Láti inú fóònù la ti mú distortion tá a fi sórí gìtá lọ́jọ́ náà, a sì ti ń kówó jọ láti ra pẹ́dà gidi. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, pẹ́dà ni àpótí irin kékeré tí ẹni tó ń ta gìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Wáyà gìtá á wọ inú rẹ̀, òmíràn á jáde lọ sínú amplifier. Pẹ́dà distortion ni èyí tó ń mú kí ohùn gìtá há, bí ohùn ẹni tó fi gbogbo òru kọrin. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá, ìbéèrè di méjì. Ṣé ká tiẹ̀ rà á? Bá a bá sì máa rà á, èwo? Owó tó wà lọ́wọ́ ò ju ti ẹyọ kan lọ. Ká tó náwó, a kọ́kọ́ lọ wádìí ibi tí ohùn híhá yìí ti wá.

Ohun àkọ́kọ́ tá a rí ni pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣe é. Ìbàjẹ́ ló bí i. Lọ́dún 1951, ẹgbẹ́ Ike Turner ń lọ sí Memphis ní Amẹ́ríkà láti gba orin "Rocket 88" sílẹ̀. Amplifier Willie Kizart bàjẹ́ lọ́nà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n ki ìwé bọ inú sìpíkà tó ya náà, wọ́n sì gba orin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 1958 tó parí, Link Wray ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ihò sí sìpíkà tirẹ̀ kó lè rí irú ohùn yẹn. Ní London, Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks fi abẹ ya tirẹ̀ kí wọ́n tó gba "You Really Got Me" sílẹ̀ lọ́dún 1964.

Ti Nashville ló wá di àpótí. Wọ́n ń gba "Don't Worry" ti Marty Robbins sílẹ̀, ẹ̀rọ sítúdíò kan bàjẹ́, béèsì Grady Martin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbọ́n. Wọn ò pa á rẹ́. Nígbà tí orin náà jáde lọ́dún 1961, àwọn olórin mìíràn ń wá ohùn yẹn kiri. Glenn Snoddy, ẹnjiníà sítúdíò náà, wá fi transistor ṣe ohun tó lè máa dún bí ìbàjẹ́ yẹn. Gibson gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, Maestro Fuzz-Tone sì jáde lọ́dún 1962. Kò tà dáadáa àfi ìgbà tí Keith Richards lò ó nínú "Satisfaction" ti Rolling Stones lọ́dún 1965. Ìgbà yẹn ló tán lórí àtẹ. Àwa tá a ń kọ kóòdù jẹun mọ irú ìtàn yìí dáadáa: o fẹ́ tún àṣìṣe kan ṣe nínú ètò, àwọn tó ń lò ó wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o má fọwọ́ kàn án.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Àyìndé Bákàrè ni wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni tó kọ́kọ́ mú gìtá oníná wọ inú jùjú, lọ́dún 1949. Nígbà tó fi máa di 1973, ohùn híhá ti wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tiwa. Ọdún yẹn ni BLO gbé Chapter One jáde: Berkley Jones lórí gìtá, Láolú Akíntóbi lórí ìlù, Mike Odùmósù lórí béèsì. Ọdún yẹn kan náà ni Ofege, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St Gregory's ní Èkó, gbé Try and Love jáde. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n, gìtá wọn ń kùn yìì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn ọmọ ayé òde òní ló ń kó ariwo òyìnbó wọlé, ó ti pẹ́ jù. Ariwo náà ti lé ní àádọ́ta ọdún láàárín wa.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ìtàn tiwa dàgbà ju gìtá lọ. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Awọ nìkan kọ́ ló ń dún. Ṣaworo, àwọn agogo kéékèèké, wà yí ẹnu rẹ̀ ká. Bí onílù bá ti lù ú, ṣaworo á gbọ̀n, á fi ariwo tirẹ̀ kún ohùn ìlù. Wọn ò ṣèèṣì so ó mọ́ ọn. Láàárín àwọn Mande, wọ́n máa ń dá ihò sí igbá tó wà lábẹ́ balafon, wọ́n á fi awọ tín-ínrín tí aláǹtakùn fi bo ẹyin rẹ̀ lẹ ihò náà, kí ohùn lè máa kùn. Àwọn Shona ní Zimbabwe máa ń so ìdérí ìgò mọ́ mbira. Etí Áfíríkà ti fẹ́ràn ohùn tó há kí Nashville tó mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ṣaworo wà lára ìlù ló wá yẹ ká wò. Etí ìlù ló wà, kò sí lójú awọ. Onílù lè fi ìyáàlù ki ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣaworo ò ní já ọ̀rọ̀ kan gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ariwo wà, ọ̀rọ̀ náà sì wà. Ohun tí bàbá Bẹẹrẹ ń bi wá nìyẹn: ariwo yín ti dé, ọ̀rọ̀ dà?

Ìbéèrè yìí la gbé lọ sí Gbági, níbi tí ìtàn ìlú fúnra rẹ̀ ti ń dá wa lóhùn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kó ọjà wọn wá sí agbègbè yìí, àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì náà sì dé. Lebanon Street ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn dòní. Aṣọ ló sọ Gbági di olókìkí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ aláṣọ ti kó lọ sí Gbági Tuntun ní ọ̀nà Ifẹ̀. Àwọn ìyá wa á ra aṣọ funfun tó ti òkè òkun wá, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí i lára, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú aró. Ọ̀kan nínú àwọn àdìrẹ ẹlẹ́kọ yìí ni Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1929, wà lára rẹ̀. Aṣọ Ìlú Ọba wọ inú aró, ó jáde, ó di aṣọ Ìbàdàn. Àmọ́ ẹ̀kọ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ibi tí ẹ̀kọ ò jẹ́ kí aró dé ni àwòrán wà. Aṣọ tí aró bá bò pátápátá, òpó Mápó kankan ò ní hàn lára rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù tá a wọ̀, bàbá tó ń tajà gbé mẹ́ta síwájú wa. Ọ̀kan rí roboto, àwòkọ Fuzz Face tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní London lọ́dún 1966. Èkejì ní àwọ̀ ọsàn, Boss DS-1, irú èyí tó ti wà láti 1978. Ẹ̀kẹta ní àwọ̀ ewé, Tube Screamer ti Ibanez. Bàbá ní: "Àwọn tó wá lánàá, èyí tó pariwo jù ni wọ́n mú o. Ẹ̀yin ńkọ́?" A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ohùn gìtá máa ń gòkè, á sọ̀kalẹ̀, bí ìgbì omi. Pẹ́dà á gbé ìgbì náà ga ju àyè tó wà lọ, á wá gé orí rẹ̀. Orí gígé yẹn ló ń bí ohùn híhá. Fuzz máa ń gé e pẹrẹsẹ, bí òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn tí wọ́n fi germanium ṣe nínú wọn tún máa ń yí ohùn padà bí ooru bá mú, ooru Ìbàdàn ò sì mọ eré. DS-1 náà ń gé e gan-an. Tube Screamer ń gé e díẹ̀díẹ̀, kí orí rẹ̀ lè rí rìbìtì. Nínú ètò wáyà rẹ̀, ohùn gìtá tí wọn ò gé ṣì ń kọjá pẹ̀lú èyí tí wọ́n gé, ó sì ń gbé ohùn àárín sókè kí ìlù má baà bo gìtá mọ́lẹ̀. Nígbà tá a lóye èyí, a wo ara wa. Ṣaworo ni o jàre: ariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, etí ló ń rajà, kì í ṣe ìwé. Onílù wa kọ̀yìn sí wa. Gìtá wá ta ọ̀rọ̀ mẹ́rin láìtò wọ́n tẹ̀léra: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Dò, re, mi nìkan, okùn kan ṣoṣo. Ó ní kó máa dárúkọ èyí tó bá gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yà wá lẹ́nu: kò ṣì í rárá lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Distortion ń gé bí ohùn ṣe pariwo tó, kò fọwọ́ kan bí ohùn ṣe ga tó. Àmì ohùn wà níbẹ̀ digbí. Ó tún kù. A ta "rárà" àti "ìlú", níbi tí ohùn ti ń yọ̀ wálẹ̀ tàbí yọ́ gòkè, tí a ní láti fa okùn. Láìsí pẹ́dà, ohùn náà kú kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Pẹ̀lú pẹ́dà, ó pẹ́ kó tó kú, a sì gbọ́ bó ṣe yọ̀. Ohùn híhá ń ran gìtá lọ́wọ́ láti sọ Yorùbá!

Nígbà tá a wá ta okùn mẹ́ta pọ̀, ó dàrú. Bí ohùn púpọ̀ bá jọ wọ ibi tí wọ́n ti ń gé orí, wọ́n máa ń bí ohùn mìíràn tí ìka kankan ò tẹ̀. Roboto di ariwo ẹ̀rọ ìlọta. Ti ọsàn sàn díẹ̀. Bá a sì ṣe yí wọn lọ́jọ́ náà, ìka líle àti ìka jẹ́jẹ́ ò yàtọ̀ lórí méjèèjì. Ti ewé nìkan ló ṣì ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá ìka bínú tàbí kò bínú.

Ibẹ̀ la ti mọ ẹ̀bi wa. Ní Bẹẹrẹ, a tan distortion láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì ń fi gbogbo okùn gìtá ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Fóònù kọ́ ló jẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ gìtá lẹ́nu, àwa ni. A ti fi aró bo aṣọ pátá, a ò ya ẹ̀kọ kankan sí i.

A mú ti ewé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ gbé gìtá tiyín dání, kí ẹ fi èdè tiyín dán an wò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ariwo tà á fún yín. Ẹ wo ẹnu ibi iná rẹ̀ náà: volt 9 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, nẹ́gétíìfù ló sì sábà máa ń wà láàárín, ọ̀pọ̀ ṣájà ilé kò sì rí bẹ́ẹ̀. Òfin wa báyìí ò le: bí gìtá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, okùn kan, ká tan pẹ́dà. Bí okùn bá di púpọ̀, ká pa á.

A ò tíì tún rí bàbá Bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ká tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá tó ń tajà bi wá pé kí ni gbogbo ọkọ, ọkọ́ tá à ń pè lọ́jọ́ ọjà. A ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ oríkì rẹ̀ fún wa, ó ní ká fi gìtá ki òun. Okùn kan la fi ta á, ohùn híhá, jẹ́jẹ́.

Ó dáhùn.